Pẹ́pẹ́yẹ Igbó àti Lékeléke: Kí Ni Tìrẹ Níbẹ̀?

*Bíbélì kíkà: Jòhánù 21:15-23*

  Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àgbàdo níbí, ẹ̀yin ará Òde, Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré, títí kan ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà lókè òkun tí ìròyìn òwúrọ̀ yìí ṣì ń bá níbẹ̀, mo kí gbogbo yín. Ẹ ní sùúrù fún mi lónìí, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń yára lọ sóko tàbí síbi iṣẹ́, ẹ ka Bíbélì yẹn ná, kẹ́ ẹ wá ka ìyókù nígbà tẹ́ ẹ bá ráyè jókòó.

Àìsàn kan ń jà láàárín wa, ìyẹn ni kí èèyàn máa fi ayé tirẹ̀ wé ayé ẹlòmíràn. Ó ń jà nílé, ó ń jà lọ́jà, ó sì ń jà nínú ṣọ́ọ̀ṣì jù. Ẹyẹ méjì ni mo fẹ́ fi sọ ọ́. Jóòbù náà gbà bẹ́ẹ̀ ní orí 12 ẹsẹ 7, pé bí èèyàn bá lè bi ẹyẹ léèrè, ẹyẹ ní ohun tó lè kọ́ ọ.

Ẹyẹ àkọ́kọ́ ò nílò àlàyé. Ta ni ò mọ lékeléke? Nígbà tá a wà ní kékeré, bí wọ́n bá ti ń fò kọjá lókè, a ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn, a ó máa jù ú, a ó máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún wa ní èékánná funfun. Bí àmì funfun kan bá wá yọ lórí èékánná ẹnì kan lọ́jọ́ kejì, yóò máa fi yangàn kiri àdúgbò ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń rí wọn jù nílẹ̀ wa. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, púpọ̀ nínú wọn á gba òkè Ọya lọ láti lọ yé ẹyin níbẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, wọ́n á tún padà wá. Wòlíì Jeremáyà rí irú èyí lára ẹyẹ àkọ̀, tóun náà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn bíi lékeléke. Ní Jeremáyà 8:7, ó fi bá Ísírẹ́lì wí pé ẹyẹ lásán mọ àkókò tirẹ̀, àwọn èèyàn Ọlọ́run ni ò mọ ohun tí Olúwa ń fẹ́.

Ẹyẹ kejì ni pẹ́pẹ́yẹ igbó. Kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ inú ilé tó ń yí ẹrẹ̀ lẹ́yìnkùlé o. Èyí tí mò ń sọ yìí, ojú rẹ̀ funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún, ẹ̀yìn orí rẹ̀ dúdú, ọrùn rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn ju ti pẹ́pẹ́yẹ ilé lọ. Kì í ké bíi ti ilé, ó máa ń súfèé ni. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ súfèé lójú ọ̀run lálẹ́, tẹ́ ẹ wo ọ̀nà tẹ́ ò rí èèyàn, ẹ má sáré wọlé o, ó lè jẹ́ àwọn ni wọ́n ń kọjá. Àbàtà, adágún omi, ìdí omi tí ìjọba sé àti àkúrọ̀ tí wọ́n ń gbin ìrẹsì sí ni ibùgbé wọn. Lápá òkè Ọya, níbi àbàtà ńlá Hadejia àti Nguru ní ìpínlẹ̀ Jigawa àti Yobe, wọ́n máa ń pé jọ lọ́pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Irú ẹyẹ yìí kan náà wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní òdìkejì òkun.

Bẹ́ ẹ bá fi ọ̀pá ìwọ̀n wọ̀n wọ́n, gígùn wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jura lọ, méjèèjì sún mọ́ ìdajì mítà. Orí omi kan náà lẹ lè ti bá wọn láàárọ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ̀ wọn. Awọ ló so ìka ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ pọ̀, kó lè máa fi tu omi bí ẹni ń tu ọkọ̀. Ìka ẹsẹ̀ lékeléke là gbọọrọ, kó lè máa fi rìn nínú koríko àti létí omi. Ọ̀rá wà ní ìdí ìrù pẹ́pẹ́yẹ tó máa ń fi ẹnu mú pa gbogbo ara, kí omi má baà wọ̀ ọ́. Lékeléke ní tirẹ̀ ní irú ìyẹ́ kan lára tó máa ń rún lẹ́búlẹ́bú bí àtíkè, ìyẹn ló fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀kan ń kun òróró, èkejì ń kun àtíkè, Ọlọ́run kan náà ló fún wọn.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Ọ̀sán gangan ni lékeléke ń jẹun, níṣojú gbogbo ayé. Yóò tẹ̀ lé màlúù. Bí màlúù bá ti ń gbẹ́sẹ̀, tata àti ìrẹ̀ á máa fò jáde nínú koríko, lékeléke á máa ṣà wọ́n jẹ. Bí kò bá sí màlúù, á tẹ̀ lé katakata tó ń túlẹ̀. (A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ màlúù ò rọrùn ní Èkìtì wa, láti ọdún 2016 ni òfin ti wà lórí dída ẹran kiri. Ọ̀rọ̀ òfin kọ́ ni mo bá wá láàárọ̀ yìí.) Pẹ́pẹ́yẹ igbó, òru ló ń jẹ tirẹ̀ jù. Ní ọ̀sán, á kàn dúró sétí omi pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bí ẹni tí kò níṣẹ́. Ẹni tó bá rí i lọ́sàn-án á ní ọ̀lẹ ni. Kò sí lójú omi lóru nígbà tó ń wá èso koríko àti ìgbín wẹ́wẹ́ kiri.

Ẹ̀yin ará, mélòó nínú wa ni àwọn èèyàn ń fojú ọ̀sán dá lẹ́jọ́, tó jẹ́ pé òru nìkan ló mọ iṣẹ́ tá a ń ṣe? Ìyá tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ẹni tó ń gba àwẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ láìsọ fẹ́nì kan. Bàbá tó ń ṣọ́ ilé onílé lóru kí ọmọ lè lọ sí yunifásítì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹni tó ra mọ́tò ló ń jáde síwájú wá jẹ́rìí. Àwọn wọ̀nyí á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì lọ sílé.

Bí mo bá ní kẹ́ ẹ mú ọ̀kan nínú ẹyẹ méjèèjì, mo mọ̀ pé lékeléke ni púpọ̀ nínú wa á mú. Ó funfun, ó ga, ó ń yan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí funfun yẹn kó bá ìdílé wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1870 sí 1920, ìyẹ́ funfun àwọn ẹbí lékeléke tó ń gbé etí omi ni àwọn obìnrin ọlọ́lá ní London, Paris àti New York ń fi sí fìlà. Ìyẹ́ tó dára jù máa ń hù sí wọn lára nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yé ẹyin. Nítorí náà, ìgbà yẹn gan-an làwọn ọdẹ máa ń lọ bá wọn nínú ìtẹ́. Wọ́n á pa bàbá àti ìyá, wọ́n á fa ìyẹ́ tu, wọ́n á fi ọmọ sílẹ̀ kí ebi pa á kú. Ọdún 1889 ni obìnrin kan, Emily Williamson, kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ nítòsí Manchester, kí wọ́n pinnu pé àwọn ò ní fi ìyẹ́ ẹyẹ sí fìlà mọ́. Ó di ọdún 1921 kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ṣòfin pé kí wọ́n má kó irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ̀lú. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín rẹ̀. Kò sí ọdẹ tó fi tìtorí fìlà pa pẹ́pẹ́yẹ igbó. Ohun tí ẹ̀ ń jowú lára ẹlòmíràn, ẹ ò mọ iye ọdẹ tó ń dọdẹ rẹ̀.

Kí n má baà jẹ́ kẹ́ ẹ rò pé funfun lékeléke yìí ò ní àbùkù nílé ara rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo inú ìtẹ́. Bí lékeléke bá ti yé ẹyin kìíní, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sàba, kò ní dúró de ìyókù. Nítorí náà ọ̀kan á pa lónìí, òmíràn á pa lọ́la tàbí lọ́túnla. Èyí tó ṣáájú ti lágbára kí àbúrò tó dé. Bí oúnjẹ ò bá tó, ẹ̀gbọ́n á máa sọ àbúrò lẹ́nu, á máa gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, àbíkẹ́yìn sì máa ń kú síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Pẹ́pẹ́yẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Á yé ẹyin rẹ̀ tán, mẹ́jọ, mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀, kó tó fìdí lé wọn. Takọtabo wọn ló jọ ń sàba. Gbogbo ọmọ á pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì jọ rìn lọ sínú omi. Kò sí ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, kò sí àbúrò.

Ẹ̀yin òbí, ẹ forí jì mí, ọmọ yín ni mo jẹ́, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sọ fún ọmọ pé, "Ṣé o ò rí ẹ̀gbọ́n ẹ ni? Ṣé o ò rí ọmọ Màmá Ṣadé tó ti gba ìwé ẹ̀rí?", ẹ̀ ń fún ẹ̀gbọ́n ní ẹnu tó máa fi sọ àbúrò ni. Jékọ́bù fẹ́ràn Jósẹ́fù ju ìyókù lọ, ó rán ẹ̀wù kan fún un, gbogbo ilé sì rí i. Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 37 kẹ́ ẹ wo ibi tí ẹ̀wù náà já sí. Inú kòtò ni. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ ni bàbá yẹn fi sunkún ọmọ tó wà láàyè. Ọmọ tí kò mọ ìwé lè mọ ọwọ́. Èyí tí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ lè jẹ́ òun ni yóò gbé oúnjẹ wá fún yín lọ́jọ́ ogbó.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká lọ sétí omi míràn, Òkun Tìbéríà, níbi tí Bíbélì tá a kà ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti jẹ ẹja àárọ̀ tán. Jésù pe Pétérù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó fẹ́ràn òun. Pétérù tó sẹ́ Ẹ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́bàá iná, iná mìíràn ló tún ti rí ìdáríjì. Wọ́n fún un níṣẹ́: kó máa bọ́ àgùntàn. Wọ́n sọ irú ikú tó máa kú fún un. Wọ́n ní kó máa tọ Olúwa lẹ́yìn. Kí ló tún kù tí èèyàn ń wá? Ẹsẹ 20 ní Pétérù yí padà, ó rí Jòhánù tó ń bọ̀, ó wá bi Jésù pé eléyìí ńkọ́.

Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn, *yíyí padà*. Ẹni tó ń tẹ̀ lé Jésù, iwájú ló yẹ kó máa wò. Kó tó lè wo Jòhánù, ó ní láti kọ ẹ̀yìn sí Jésù ná. Pétérù ò kórìíra Jòhánù o, ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọ́n jọ ń pẹja tẹ́lẹ̀ ni. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá tirẹ̀ le ju ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ni. Ṣé òun nìkan ni wọ́n máa dè lọ síbi tí kò fẹ́ lọ? Jésù ò dá a lóhùn ohun tó bi. Kò sọ fún un pé Jòhánù náà á jìyà, kò sì sọ pé á sinmi. Ohun tó sọ fún un ni pé kò kàn án, pé kí òun Pétérù máa tọ òun lẹ́yìn.

Ẹ tún wo ẹsẹ 23. Lójú ẹsẹ̀, àhesọ ti tàn kálẹ̀ láàárín àwọn ará pé Jòhánù ò ní kú. Jòhánù fúnra rẹ̀ ló wá kọ ọ́ pé Jésù ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kékeré kan, eléyìí ńkọ́, òun ló di òfófó inú ìjọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Arábìnrin kan wà, aránṣọ ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní sọ ìjọ tó ń lọ, ṣùgbọ́n ó fún mi láyè láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe fúríìdọ́ọ̀mù, àǹkárá kan náà ni wọ́n wọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú Ọba. Láti ìgbà yẹn, bí arábìnrin wa bá ti lajú láàárọ̀, kó tó gbàdúrà, kó tó bọ́jú pàápàá, status ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣí. Á rí yìnyín, á rí mọ́tò, á rí ilé ìdáná tó ń dán. Bó bá wá dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó fi ọdún mẹ́fà kọ́ ọ̀nà sí, á dà bí ẹ̀wọ̀n lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ oníbàárà. Nígbà tó yá, ó ta máṣíìnì ńlá tó fi ń ran aṣọ ilé ìwé, ó yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù kún un, ó kó o fún ajẹ́ńtì kan pé kó bá òun ṣe físà. Ajẹ́ńtì náà ò gbé fóònù mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ kan ló pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti sunkún fún un. Ọ̀rẹ́ ọ̀hún ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Ó ní iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó lòún ń ṣe, òru lòún ń ṣe é, ó sì ti lé lọ́dún méjì tóun ti di abẹ́rẹ́ mú gbẹ̀yìn. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá òun làwọn ọmọ òun wà, àti pé nígbàkigbà tóun bá rí status arábìnrin wa, tó ń fi àwọn ọmọ rẹ̀ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ, òun máa ń bo orí òun sunkún ni. Ẹ wò ó! Ẹni tí ẹlẹ́yìí ń wò, òun náà ló ń wo ẹlẹ́yìí. Méjèèjì ń jowú ara wọn láti òdìkejì òkun, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Mi ò lè sọ fún yín pé owó náà ti padà. Kò tíì padà. Gbèsè alájẹṣẹ́kù ló ń san lọ́wọ́lọ́wọ́, máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ àtijọ́ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fi ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n ó ti padà síbi tó ti ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti ń kí oníbàárà.

Ẹnikẹ́ni má bá mi wí pé mo ní kí ẹnì kankan má rìnrìn àjò. Lékeléke fò láti Áfíríkà kọjá òkun ńlá dé Gúúsù Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1870 sí 1890, ó sì ti di onílé níbẹ̀ títí dòní. Kò sẹ́ni tó gbé e nínú ọkọ̀, ìyẹ́ ara rẹ̀ ló gbé e. Bí Ọlọ́run bá rán yín, ẹ lọ, kẹ́ ẹ lọ lọ́nà tó mọ́. Bó bá jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ rí lórí fóònù ọ̀rẹ́ yín ló ń lé yín jáde, ẹ jókòó ná kẹ́ ẹ gbàdúrà.

Ó ku nǹkan kan nípa pẹ́pẹ́yẹ igbó, ẹnì kan sì ń ka èyí tí ọ̀rọ̀ náà kàn gbọ̀ngbọ̀n. Bí lékeléke bá fẹ́ pààrọ̀ ìyẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni, èyí bọ́, èyí hù, ó ṣì ń fò. Ti pẹ́pẹ́yẹ ò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tó bá tọ́mọ, gbogbo ìyẹ́ tó fi ń fò á bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò lè fò rárá. Á wọ inú koríko omi lọ, á dákẹ́, kò ní fẹ́ kẹ́nì kan rí òun. Bẹ́ ẹ bá rí i lákòókò yẹn, tẹ́ ẹ tún wo òkè tẹ́ ẹ rí lékeléke tó ń fò lọ, ẹ ó ní Ọlọ́run ti gbàgbé ọ̀kan. Kò gbàgbé ẹ̀. Ìyẹ́ tuntun ló ń hù fún un.

Arákùnrin tó ti ń darí àdúrà tẹ́lẹ̀, tí owó oṣù rẹ̀ wá dúró, tó wá ń jókòó sí ìdí ẹnu ọ̀nà báyìí kó lè tètè jáde. Ìyá tó sin ọkọ lọ́dún tó kọjá, tí ohùn rẹ̀ ò jáde mọ́ nínú orin. Ẹ̀yin tí dókítà sọ ọ̀rọ̀ fún, tẹ́ ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ pé Èlíjà náà wà níbẹ̀ rí. Ní 1 Àwọn Ọba 18, ó dá dúró lórí Kámẹ́lì, iná sọ̀kalẹ̀. Ní orí 19, ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ igi kékeré kan, ó ní ikú yá ju ayé lọ, ó sì tún fi ara rẹ̀ wé àwọn bàbá rẹ̀ pé òun ò sàn jù wọ́n lọ. Àbẹ́ ẹ rí i pé ìwéra ló gba ẹnu rẹ̀ jáde níbi tó ti rẹ̀ ẹ́? Ọlọ́run ò bá a jiyàn. Áńgẹ́lì gbé àkàrà àti omi wá, ó jẹun, ó sùn, wọ́n tún jí i, ó tún jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣáájú ìjọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sàmì sórúkọ àwọn tí kò wá, ẹ rọra. Ẹni tí ìyẹ́ rẹ̀ bọ́, ìbéèrè kọ́ ló kọ́kọ́ nílò, oúnjẹ ni. Ẹ gbé iyán lọ bá a. Ẹ má gbé e jáde síwájú ìjọ pé kó wá ṣàlàyé, torí ìdí tí pẹ́pẹ́yẹ fi ń sá wọ inú koríko ni pé gbogbo ẹranko tó ń pa á jẹ mọ̀ pé kò lè fò. Ìwọ náà tí ìyẹ́ rẹ bọ́, má fi ṣe àwáwí títí ayé o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ti pẹ́pẹ́yẹ, kì í ṣe ọdún mẹ́ta. Bí ìyẹ́ bá ti hù, jáde. Èlíjà dìde, ó sì rin ogójì ọjọ́ lágbára oúnjẹ yẹn.

Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Pétérù àti Jòhánù rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 3, ẹ ó bá àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ ń gòkè lọ sí tẹ́ḿpìlì lágogo mẹ́ta ọ̀sán, tí arọ sì rìn. Pétérù ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Bíbélì ò sọ pé Jòhánù bínú.

Mo ní iṣẹ́ méjì fún yín lónìí. Lọ́la, kẹ́ ẹ tó ṣí status ẹnikẹ́ni, ẹ ka Jòhánù 21:22 sókè kí etí yín gbọ́. Èkejì, ẹ ronú kan ẹnì kan tẹ́ ò rí ní ṣọ́ọ̀ṣì láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ pè é kó tó di ọ̀sán. Ẹ má bi í pé kí ló dé. Ẹ béèrè bó bá ti jẹun.

*Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.* Bàbá wa ọ̀run, Ìwọ lo dá ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, Ìwọ lo dá ẹsẹ̀ lékeléke. Rántí àwọn tí ìyẹ́ wọn bọ́ láàárín wa, jẹ́ kó tún hù. San gbèsè tó wà lọ́rùn ọmọbìnrin Rẹ tó ń ránṣọ yẹn, kí O sì kó ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ jọ sójú kan. Mú ẹnu wa kúrò lára àwọn ọmọ wa. Yí ọrùn wa padà sí ọ̀dọ̀ Rẹ. Lórúkọ Jésù. Àmín.